Tata Tí Mo Gé Lára Bàtà Sagbo

Àlejò lójú, kò fi ríran. Láti kékeré ni mo ti ń pa òwe yìí fún ẹlòmíràn. Gbájí, lápá Àgbádárìgì, ni mo ti wá di ẹni tí òwe náà bá wí.

Iṣẹ́ ọ́fíìsì ló gbé mi wá láti Ọ̀yọ́, ilé Ìyá Sewanu létí omi ni mo sì gba yàrá sí. Ọdún kejì rèé tí Sagbo ọkọ rẹ̀ wọ ọkọ̀ lọ dẹ àwọ̀n. Ọkọ̀ nìkan ni wọ́n rí. Ẹlòmíràn á ní opó ni Ìyá. Òun kò gbà. "Ovi ṣie" ló máa ń pè mí, ọmọ mi, lédè Ègùn.

Nínú fóònù ni mo ti rí irú ẹja pípa kan. Wọn kì í so òjé mọ́ ìwọ̀, wọn kì í fi ekòló sí i. Fóòmù ni wọ́n ń gé bíi kòkòrò, wọ́n á wé e mọ́ ìwọ̀, á sì máa léfòó. Okùn tó nípọn ló ń gbé e fò lọ. Ẹja á rò pé tata ló já bọ́ láti inú koríko. Mo fi ọparun ṣe ọ̀pá. Oṣù méjì gbáko, mi ò mú nǹkan kan.

Zinsu, èkejì Sagbo tí wọ́n jọ jẹ́ ìbejì, a máa wò mí láti inú ọkọ̀ rẹ̀. "Ọ̀gá Ọ̀yọ́, ẹja omi yìí ti mọ tata yín lórúkọ. Wọ́n kàn ń kí i ni."

"Ẹ ṣì máa tọrọ ẹja lọ́wọ́ mi, bàbá."

"Kí eyín ṣáà ṣì wà lẹ́nu mi nígbà náà."

Ó dùn mí. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ Ọlọ́run kó má jẹ́ kí ojú tì mí lójú àwọn ará omi. Àdúrà náà gbà. Ibẹ̀ gan-an ni ìtìjú mi ti bẹ̀rẹ̀.

Fóòmù mi tán lọ́jọ́ Ajé. Lábẹ́ igi àgbọn létí omi, mo rí sílípáàsì àtijọ́ méjì, yẹ́lò lókè, búlúù nísàlẹ̀, iyanrìn ti bò wọ́n dé ìdajì. Mo ní ẹni tó ni wọ́n ti gbàgbé wọn. Mo mú ọ̀kan, mo gé gìgísẹ̀ rẹ̀ di tata, mo fi rọ́bà ṣe ẹsẹ̀ fún un.

Láti ọjọ́ kejì ni Ìyá ti bẹ̀rẹ̀ sí kọrin. Ó gbálẹ̀, ó sá aṣọ ọkùnrin sóòrùn. Mi ò bi í léèrè.

Lọ́jọ́rú, ní ìyálẹ̀ta, tata náà bà sójú omi pẹ́ẹ́, àrọ̀ kan sì la ẹnu bò ó. Mo fà, ó fà. Nígbà tí mo wọ́ ọ gòkè, ó gùn tó apá mi, ó sì ti gbé tata mì kọjá ọ̀fun. Mo gé okùn. Mo kì í lóríkì sókè kí Zinsu lè gbọ́:

Àrọ̀ abirùngbọ̀n,
àgbàlagbà inú ẹrẹ̀,
o ò ní ìpẹ́, o ò sì rìn níhòòhò!

Zinsu ṣí fìlà fún mi.

Ìyá ni mo gbé ẹja náà fún. Ó gbà á, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹja dé lásìkò. Jókòó, ovi ṣie. Sagbo ti wá."

"Báwo, mà?"

"Níbí, a kì í gbé bàtà ẹni tó wà lórí omi. Ibi tó bọ́ ọ sí kó tó wọ ọkọ̀, ibẹ̀ ni yóò bá a. Ọdún méjì ni bàtà Sagbo fi wà lábẹ́ àgbọn, ajá kò gbé e, omi kò gbé e. Láàárọ̀ àná mo débẹ̀, ó ku ẹyọ kan." Ó ń pọ́n ọ̀bẹ lára òkúta. "Ó ń bọ̀ wá mú èkejì."

Mo na ọwọ́ sí ọ̀bẹ náà.

"Ìyá, ẹ jẹ́ kí n bá yín la ẹja yẹn."

"Ìwọ lo gbé ẹ̀bùn wá, ìwọ lo tún fẹ́ là á?"

"Ìwọ̀ wà nínú rẹ̀, á gún yín."

"Inú ìwọ̀ ni mo dàgbà sí."

Mo lè sọ ọ́ nígbà náà. Gbólóhùn kan péré ni. Ọ̀bẹ kan awọ ẹja. Ó là á. Yẹ́lò yọ, búlúù yọ.

Ó fi omi ṣan tata náà. Ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, ó fi àtàǹpàkò tẹ ibi tí gìgísẹ̀ Sagbo ti tẹ̀ rí. Kò wo ojú mi.

"Ìyókù ńkọ́?"

Mo lọ mú un wá, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ dárí jì mí, Ìyá. Mi ò mọ̀."

"Nígbà tí o gé e, o ò mọ̀. Nígbà tí mo ń pọ́n ọ̀bẹ ńkọ́?"

Mo fi ọwọ́ méjèèjì na bàtà náà sí i.

Ó gba bàtà náà, ó lọ tò ó padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì. Zinsu béèrè láti orí omi pé, "Bàtà náà ti padà? Kí ló jẹ ẹ́ ní gìgísẹ̀?"

"Eku ni," ni Ìyá wí.

Ní ìrọ̀lẹ́, ó gbé abọ́ ọbẹ̀ síwájú mi. Orí ẹja ló wà níbẹ̀, ìpín ọkùnrin ilé. "Gbàdúrà sí i, ká jẹun."

Ẹnu tí mo fi ki àrọ̀ láàárọ̀ kò ṣí. Ó dijú, ó dúró dè mí. Ó ṣe àmín sí àdúrà tí mi ò gbà, ó sì bu òkèlè.