Ògiri Sítóò

Kóokúrò lorúkọ táwọn òṣìṣẹ́ fún obìnrin yìí, torí kò sílé tó wọ̀ tí ò ní sọ ọ́. Àga tó fẹ̀ ju pálọ̀ lọ? "Ẹ kó o kúrò." Kọ́tìnì tí wọ́n gbé léra bí aṣọ òtútù? "Ẹ kó o kúrò." Òdòdó oníke tó ti ń gba eruku látìgbà ìwáṣẹ̀? Ìyẹn ò tiẹ̀ ní jẹ́ kó lanu kí wọ́n tó gbé e síta. Iṣẹ́ ẹ̀ ni pé kó máa tún inú ilé ṣe fáwọn èèyàn, àmọ́ táwọn ẹlòmíì bá ń kó nǹkan wọlé, tiẹ̀ ni pé kó kó o jáde. Ó fẹ́ kí símẹ́ńtì jẹ́ símẹ́ńtì, kí pákó jẹ́ pákó, kí ìmọ́lẹ̀ sì ráyè rìn.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ọkùnrin wá ní kó tún fúláàtì òun ṣe, ẹ ò rí i, inú ẹ̀ dùn débi pé oorun dá lójú ẹ̀. Torí ọ̀gá ẹ̀ níbi iṣẹ́ ti sọ fún un pé, "Lọ ṣe ilé kan látòkè délẹ̀, kó o fi fọ́tò ẹ̀ hàn mí. Tó bá wọ̀ mí lójú, wàá kúrò lẹ́yìn àwọn ẹlòmíì, wàá máa dá gba iṣẹ́ tìẹ." Ilé ẹ̀gbọ́n yìí ló máa fi ṣe é.

Ó sì ṣe é! Wọ́n ha ọ̀dà ara ògiri pálọ̀ títí bíríkì pupa fi yọjú. Wọ́n ká kápẹ́ẹ̀tì, wọ́n fi ẹ̀rọ họ símẹ́ńtì ilẹ̀ títí tó fi ń dán gbinrin. Wọn ò kun tábìlì, òróró lásán ni wọ́n fi nu pákó ẹ̀, gbogbo ìlà ara igi hàn kedere. Wọ́n wó ògiri tó wà láàárín pálọ̀ àti kíṣìnì. Tí bíríkìlà bá ti wó nǹkan báyìí, ẹ̀gbọ́n á pàtẹ́wọ́, á ní, "Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i!"

Ó wá ku ògiri kan ṣoṣo, ògiri sítóò. Sítóò ọ̀hún kéré, téèyàn bá na ọwọ́ méjèèjì, ó ti kan ògiri. Àmọ́ ibi burúkú ló dúró sí, àárín bálíkónì àti ẹnu ọ̀nà gan-an. Tí oòrùn àárọ̀ bá gba bálíkónì wọlé, á rọra rìn lórí símẹ́ńtì yẹn, á dé ìdí ògiri yìí, á kú síbẹ̀. Tí wọ́n bá wó o, ẹni tó bá ṣílẹ̀kùn á kàn rí ojú ọ̀run tààrà ni. Fọ́tò tí Kóokúrò fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá ẹ̀ nìyẹn.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n ni ò jẹ́.

Kì í ṣe pé ó ní rárá o. Ta ni? Obìnrin yẹn ò sọ rárá fún ará ilé ọkọ rí láyé ẹ̀. Ó ju Kóokúrò lọ lọ́jọ́ orí, síbẹ̀ "Àǹtí mi" ló ń pè é, tínú ẹ̀ bá sì dùn, á di "Òpẹ́lẹ́ńgẹ́ mi." Ṣé ká wó ti pálọ̀? "Ó dáa, Àǹtí mi." Ṣé ká ká kápẹ́ẹ̀tì? "Bẹ́ ẹ bá ṣe fẹ́." Ti sítóò náà, ó ní ó dáa. Àmọ́ tó bá ti di ọjọ́ tí bíríkìlà máa wá, nǹkan á ṣẹlẹ̀. Ó kọ́kọ́ ní ikọ́ ń ṣe èyí àbúrò nínú àwọn ọmọ, pé eruku ò ní dáa fún un. Ó tún ní àwọn ará ìsàlẹ̀ ń ráhùn ariwo. Ó wá ní òun ò tíì kó ẹrù inú ẹ̀ tán.

"Ìyàwó wa, ẹrù wo ló wà nínú ihò yẹn tí ò tán?"

"Ó ku díẹ̀, Òpẹ́lẹ́ńgẹ́ mi. Ẹ má bínú."

Inú bí Kóokúrò. Ó lóun mọ irú wọn, àwọn tó ń tọ́jú ọ̀rá búrẹ́dì àti okùn bàtà tó já, pé ó máa wúlò lọ́jọ́ kan. Ó pe bíríkìlà pé kó máa bọ̀ lọ́sàn-án Fúráìdè. Tó bá jẹ́ pé ẹrù ni, òun á fọwọ́ ara òun kó o.

Bó ṣe dé lọ́jọ́ Fúráìdè nìyẹn, àpò ńlá ńlá lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n wà nídìí tábìlì, ó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́. Àwọn ọmọ méjèèjì ń sáré yípo pálọ̀ tó ti di pápá fún wọn. Ìyàwó ò tíì tibi iṣẹ́ dé. Kóokúrò tan tọ́ọ̀ṣì fóònù ẹ̀, ó wọ sítóò, ó fa ìlẹ̀kùn dé kí eruku má bàa jáde.

Òfìfo ni.

Kò sí ọ̀rá, kò sí okùn bàtà. Àpótí ìjókòó kékeré kan ló wà nílẹ̀, tìmùtìmù wà lórí ẹ̀. Lára ògiri tó kọjú sí i, níbi tẹ́sẹ̀ máa dé téèyàn bá jókòó, gìgísẹ̀ méjì ti ha ọ̀dà ibẹ̀ lọ. Kóokúrò jókòó. Ó gbé ẹsẹ̀ tiẹ̀ síbẹ̀, ó ṣe wẹ́kú. Ó wá pa tọ́ọ̀ṣì. Òkùnkùn biribiri. Ariwo àwọn ọmọ wá dà bíi pé ilé ẹlòmíì ló ti ń wá. Èjìká ẹ̀ tó ti ká kò látàárọ̀ rọra sọ̀ kalẹ̀.

Ibẹ̀ ló wà tó gbọ́ tí ìyàwó wọlé.

"Mọ́mì! Ó gba bọ́ọ̀lù mi!"

"Irọ́ ni, Mọ́mì!"

"Mọ́mì, òùngbẹ ń gbẹ mí!"

"O káàbọ̀ o," ni ẹ̀gbọ́n wí. "Jọ̀ọ́, ṣé o rí wáyà fóònù mi? Màmá náà pè ẹ́, wọ́n ní kó o pe àwọn kíákíá."

"Mo ń bọ̀," ni ìyàwó sọ. Ohùn ẹ̀ ti ha. "Ẹ jẹ́ kí n mú ìyẹ̀fun ní sítóò."

Ìlẹ̀kùn ṣí, ìlẹ̀kùn dé. Ẹnì kan mí kanlẹ̀ nínú òkùnkùn bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀, ó sì jókòó. Orí itan Kóokúrò ló jókòó lé.

"Yéè!"

"Yéè!"

"Kí ló dé níbẹ̀ yẹn?" ni ẹ̀gbọ́n pariwo láti pálọ̀.

"Eku ni!" Àwọn méjèèjì ló jọ sọ ọ́ pọ̀.

Kóokúrò wá sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, ó ní, "Ìyẹ̀fun dà?"

"Ẹ dákun, Àǹtí mi, ẹ má sọ o." Ìyàwó fẹ́ kúnlẹ̀, àyè ò sí. "Ẹ mọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe."

Kóokúrò mọ̀ ọ́n. Iléeṣẹ́ iná mọ̀nàmọ́ná ló ti ń gbé fóònù. Gbogbo ẹni tíná bá ti lọ nílé ẹ̀, òun ni wọ́n máa bú.

"Àtàárọ̀ ni wọ́n ti ń pariwo sí mi létí. Tí mo bá délé, kò sẹ́ni tí kì í pè mí. Kì í ṣe pé mi ò fẹ́ràn wọn o! Mo kàn ń jókòó síbí fúngbà díẹ̀ ni. Mi ò sunkún, mi ò gbàdúrà, mo kàn jókòó. Níbi tójú ẹnì kankan ò ti tó mi."

"Ẹ wá ń sọ pé ó dáa, ó dáa!"

"Kí ni kí n sọ? Inú ọkọ mi ń dùn. Àbúrò ọkọ mi ń sọ ilé mi di ààfin, kémi wá sọ pé sítóò ni mo fẹ́?"

Kóokúrò rántí bó ṣe ń yangàn pé, ẹni tó bá dúró ní kíṣìnì á rí tábìlì, ẹni tó bá wà nídìí tábìlì á rí bálíkónì. Ó ti wá ibi tí ìmọ́lẹ̀ máa gbà, kò bi obìnrin yìí níbi tóun náà máa gbà. Ká má parọ́, fọ́tò yẹn ṣì ń wù ú. Ó rí i lójú ẹ̀, ojú ọ̀run tààrà, ọ̀gá ẹ̀ sì ń mirí. Ó dùn ún wọra.

Wọ́n kanlẹ̀kùn ìta. Bíríkìlà ti dé pẹ̀lú òòlù. Ẹ̀gbọ́n ti ń fi ọwọ́ kan ra èkejì, ó ti ń múra àtipàtẹ́wọ́.

Kóokúrò bọ́ síta. "Bọ̀dá mi, a ò wó o mọ́."

"Kí lo wí? Ṣé kò sí nǹkan tó ń ṣe ẹ́? Ìwọ tó o ti ń fi ògiri yìí dà mí láàmú! Mo ti sọ fáwọn ọ̀rẹ́ mi pé wọ́n á máa rí ojú ọ̀run látẹnu ọ̀nà!"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi parí ẹ̀," ni bíríkìlà wí. "Òòlù yìí wúwo."

"Ìyàwó mi fúnra ẹ̀ ní ó dáa!"

"Bọ̀dá, ìgbà wo lẹ gbọ́ 'rárá' lẹ́nu ìyàwó yín gbẹ̀yìn?"

Ẹ̀gbọ́n lanu kó dárúkọ ọjọ́ kan. Ó pa á dé. Ó wòkè. "Nígbà tá a fẹ́ ra mọ́tò... Ó tì o, ó gbà nígbà yẹn." Ó wá yíjú síyàwó ẹ̀ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà sítóò, tí ò mú ìyẹ̀fun kankan dání. "Ìyá àwọn ọmọ, ṣó o fẹ́ ká wó o?"

"Bẹ́ ẹ bá ti..." Ó dúró. Ó wojú Kóokúrò. Ó wu Kóokúrò kó bá a sọ ọ́, àmọ́ ó ká ètè ẹ̀ mọ́nu. Tóun bá sọ ọ́, ọ̀rọ̀ òun ló máa jẹ́.

Ìyàwó gbọ́wọ́ lé ògiri.

"Rárá," ló sọ. Ohùn ẹ̀ kéré débi pé bíríkìlà na etí. Ó tún un sọ. "Rárá o. Mi ò fẹ́. Ibẹ̀ ni mo máa ń jókòó sí tí mo bá tibi iṣẹ́ dé."

"Nínú òkùnkùn?"

"Nínú òkùnkùn."

"Ìyẹ̀fun ojoojúmọ́ yẹn wá ńkọ́?"

"Kò síyẹ̀fun."

"Abájọ!" ni ẹ̀gbọ́n wí. "Àtọjọ́ tó o ti ń mú ìyẹ̀fun, a ò jẹ búrẹ́dì kan!" Òun nìkan ló rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kúrò lójú ẹ̀, ó sún mọ́ ọn. "Àṣé ó rẹ̀ ẹ́ tó báyìí."

"Ó rẹ̀ mí, ọkọ mi."

Kóokúrò fọwọ́ wọn òkè ògiri. "Ìyàwó wa, tá a bá gé òkè ẹ̀ nìkan ńkọ́? Ìmọ́lẹ̀ á gbòkè kọjá, ẹnì kankan ò ní rí yín."

"Ó dáa, Àǹtí mi."

Kóokúrò gbọ́wọ́ lé ìbàdí. "Ó dáa tòótọ́ ni, àbí ó dáa ti tẹ́lẹ̀?"

Ìyàwó bú sẹ́rìn-ín. "Ti tẹ́lẹ̀ ni. Òkùnkùn yẹn gan-an ni mo fẹ́."

"Ó yá o," ni bíríkìlà wí, ó gbé òòlù ẹ̀ lé èjìká. "Tẹ́ ẹ bá ti wá rí nǹkan tẹ́ ẹ fẹ́ wó, ẹ pè mí."

Kóokúrò ya fọ́tò ilé náà bó ṣe wà, tòun tògiri. Ó fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá ẹ̀ kí ọkàn ẹ̀ má bàa yí padà. Ìyàwó bọ́ bàtà, ó padà sínú sítóò, ó tilẹ̀kùn. Kò pẹ́ tí èyí àbúrò fi sáré lọ síbẹ̀, ó ti gbọ́wọ́ sókè kó lè gbá a.

"Mọ́m..."

Bàbá ẹ̀ gán an lọ́wọ́. "Kí lo fẹ́?"

"Omi."

"Èmi náà mọ ibi tómi wà," ni bàbá ẹ̀ wí, ó sì fà á lọ sí kíṣìnì.