Lójú Àlá, Kẹ́hìndé Ló Kọ́kọ́ Wọlé

Délé, àlá òru àná bí mi nínú. Ṣé o rántí géèmù inú kásẹ́ẹ̀tì tí èmi àti Kẹ́hìndé, ìkejì mi, máa ń gbá lórí kọ̀ǹpútà bàbá wa? Mo ti rí i fi sórí láptọ́ọ̀pù mi. Òun ló ṣí lójú àlá, tó ń han gooro bí kásẹ́ẹ̀tì náà ṣe máa ń han látijọ́ tí géèmù bá ń ṣí lọ́wọ́. Kẹ́hìndé jókòó tì mí, yẹ̀pẹ̀ pupa wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Nígbà tó wà láyé, òun ẹ̀gbọ́n ló máa ń rán mi: “Táyé, kọ́kọ́ wọlé, kí o wá sọ bó ṣe rí fún mi.” Lánàá, òun ló wọ inú láptọ́ọ̀pù, ó gba ẹnu ilẹ̀kùn kékeré kan nínú géèmù náà kọjá. Mo tẹ gbogbo bọ́tìnnì, kò jáde.

Gbogbo ìgbà tó rán mi ni mo padà wá jíṣẹ́. Òun, láti ọjọ́ tí a ti sin ín, kò sọ nǹkan kan fún mi.