Tíólù àti Gáàsì Tí Kò Rùn

Bí ìmọ̀ díẹ̀ ṣe ń wú nínú orí òfìfo, ìyẹ̀fun tí ìwúkàrà pọ̀ jù nínú rẹ̀ kì í wú tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ń jiyàn, kó lọ wo àbúrò Alágáàsì. Ọkùnrin náà lọ kọ́ ẹ̀kọ́ ọlọ́sẹ̀ kan níbi tí wọ́n ti ń po ọṣẹ àti lọ́fínńdà, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sì mú bọ̀ wálé: tíólù, orúkọ èròjà kan tó ń mú nǹkan rùn. Bí àlùbọ́sà bá rùn lọ́wọ́, á ní tíólù ni. Bí ìbọ̀sẹ̀ ẹnìkan bá ń rùn, á na ìka sókè bí olùkọ́, á ní tíólù ni. Àwọn ará àdúgbò wá fi ọ̀rọ̀ náà sọ ọ́ lórúkọ. Kò bínú, ó rò pé oyè ni wọ́n fi òun jẹ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó ń ta gáàsì ìdáná, ló kọ́kọ́ pè é bẹ́ẹ̀, kì í sì í ṣe pẹ̀lú ìfẹ́. Láti ọjọ́ tí àbúrò yìí ti gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ láìtọrọ, tó sì dá a padà láìní bíréèkì, ló ti ń tọ́jú ìbínú náà sínú bí ẹni tọ́jú irúgbìn.

Ẹ̀gbọ́n àwọn méjèèjì, Ìyá Oníbúrẹ́dì, ló ráhùn lọ́jọ́ kan pé òórùn gáàsì ń kó sí búrẹ́dì òun. Tíólù ní ìyẹn ò le rárá. Ó kó èédú lílọ̀ kún àgbá irin kan, ó gba gáàsì inú rẹ̀ kọjá, nígbà tí gáàsì sì yọ ní òdìkejì, kò rùn mọ́. Inú ẹ̀gbọ́n wọn dùn. Ó ní èyí lòun yóò máa lò nínú yàrá ààrò òun, yàrá olójú fèrèsé kan tí àwọn obìnrin mẹ́ta ti ń ṣiṣẹ́ láti ìdájí.

Alágáàsì gbọ́, ó yínmú. Ó ní gáàsì tí kò bá ti rùn, wọ́n ti bà á jẹ́ ni. Ohun tí kò mọ̀ ló ń sọ, àbúrò rẹ̀ sì ti ń wá irú àyè yìí tipẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú o. Gáàsì fúnra rẹ̀ kì í rùn. Tíólù ni wọ́n ń fi sí i níléeṣẹ́. Imí-ọjọ́ àti háídírójìn ló so mọ́ra wọn, tí wọ́n wá rọ̀ mọ́ kábọ́ọ̀nù. Ibi tí àwọn méjèèjì bá ti jọ wà báyẹn, òórùn ò ní ṣàìsí níbẹ̀."

Àwọn obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín. Ẹni tó ti ń ta gáàsì láti ìgbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti dúdú kò mọ ẹni tó ni òórùn. Ó dun Alágáàsì bí ata lójú. Ó béèrè ìdí tí wọ́n fi ń fi tíólù sí i. Àbúrò rẹ̀ họ orí, ó ní bóyá àmì iléeṣẹ́ náà ni, bí ẹni fín lọ́fínńdà sára.

Alágáàsì kọ ẹ̀yìn sí wọn. Ó lọ sílé, ó jókòó, ó ronú kan gbogbo sílíńdà tó ti jò lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Imú ló sọ fún un nígbà gbogbo. Ọ̀rọ̀ yé e wàyí, ó sì rẹ́rìn-ín òun nìkan.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbé sílíńdà méjì tó kún fún gáàsì tí Tíólù ti mú òórùn rẹ̀ kúrò wá sínú yàrá ààrò. Ẹ̀rọ tí ń po ìyẹ̀fun ń hó gùù nítòsí. Ó ní kí ẹ̀gbọ́n òun àti àwọn obìnrin dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó sì na ìṣáná sí àbúrò rẹ̀.

"Ọ̀kan nínú méjèèjì yìí ti ń jò láti ìgbà tí mo ti gbé e wọlé. Ìwọ tó mọ tíólù, gbóòórùn wọn, sọ èyí tó ń jò fún wa, kí o wá ṣáná sí ààrò."

Tíólù bẹ̀rẹ̀ ti ọ̀kan, ó fa afẹ́fẹ́ símú. Ó bẹ̀rẹ̀ ti ìkejì, ó tún fà á símú, kò sí òórùn kankan. Ó fetí lélẹ̀, ariwo ẹ̀rọ ò jẹ́ kó gbọ́ nǹkan kan. Ó wo ìṣáná ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni wo ejò, ó rọra gbé e sílẹ̀, ó sì bọ́ síta.

"O mọ orúkọ ajá tí wọ́n so mọ́ ẹnu ọ̀nà," Alágáàsì wí. "O mọ ìyá tó bí i, o ka eyín ẹnu rẹ̀. O ò béèrè ìdí tí wọ́n fi so ó síbẹ̀ kí o tó lé e lọ. Ọ̀mọ̀ràn."

Ẹ̀gbọ́n wọn béèrè èyí tó ń jò gan-an. Alágáàsì ní kò sí èyí tó ń jò, òun ti ti ẹnu méjèèjì pa dáadáa. Ó rẹ́rìn-ín. Òun nìkan ló rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà wò ó bí ẹni wo búrẹ́dì tó jóná.

"Ọ̀kan nínú yín ò lè mọ̀ bí ẹ̀mí mi bá ń lọ. Ìkejì mọ̀, ó ń fi ṣeré. Èyí tó ń rùn ni màá máa sun, ṣùgbọ́n kì í ṣe lọ́wọ́ rẹ ni màá ti rà á. Ẹ gbé ẹrù yín."

Tíólù ń bẹ̀ ẹ́, ó ń pè é ní àǹtí òun àtàtà. Alágáàsì ò bẹ ẹnikẹ́ni. Oníbàárà tó ń rà jù lọ́wọ́ rẹ̀ ló bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ yìí, síbẹ̀ ó gbé sílíńdà lé èjìká, ó ń lọ.

Kò pẹ́ tí alágáàsì mìíràn fi ń gbé gáàsì kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ sílé búrẹ́dì, tí òórùn ń ṣáájú rẹ̀ wọ ojúlé. Alágáàsì fa òórùn náà símú, ó mi orí pé ó dára bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ló pòṣé, ó sì fi ọkùnrin yẹn náà kún àwọn tí kò ní dáríjì.