Ewé Ẹ̀yìn Tirela

Ìyá Ṣeun, jẹ́ kí n tètè sọ àlá yìí kí n tó gbàgbé. Mo wa tirela wọ àdúgbò àwọn ará Ṣáínà nílùú kan, mo fẹ́ jẹun. Inú ilé oúnjẹ gan-an ni mo páàkì sí, láàárín àwọn tábìlì, ẹnikẹ́ni ò bínú. Ìyá arúgbó Ṣáínà kan gbé abọ́ ewé tútù wá, irú ewé tí àwa awakọ̀ ń tò sójú títì bí ọkọ̀ bá bàjẹ́, kí ará ẹ̀yìn lè rí i.

Ó fi Yorùbá bi mí pé, “Dẹ́rẹ́bà, ṣé o ti to ewé sẹ́yìn ọkọ̀?”

Mo ní, “Mo ti tò ó, Màmá.”

Sùnmọ́nù, ọ̀rẹ́ mi tó kọlu ẹ̀yìn tirela mi tó sì kú, ń jẹ ìrẹsì nítòsí. Ó rẹ́rìn-ín. “Màmá, ẹ má dá a lóhùn. Lọ́jọ́ tí mo kú, ó ní òun ò ní pẹ́, kí ni òun fẹ́ já ewé fún.”

Ojú tì mí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ewé náà kí ìyá má baà rí i. Bí mo ṣe ń jẹ ẹ́ ló ń kún. Fèrè ọkọ̀ dún lókèèrè. Sùnmọ́nù dìde, ó ní, “Ọkọ̀ mi ló ń bọ̀ yẹn, ẹ jẹ́ kí n lọ wà á.” Mo fẹ́ pè é padà, àmọ́ ewé ti kún ẹnu mi. Ìyá Ṣeun, ọwọ́ rẹ ló jí mi.