Ìjì Awẹ́ Mẹ́rìnlá

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹni tó wà lóòró, kó wá ibì kan fi ìdí lé, nítorí ìtàn tí mo gbé wá kì í ṣe èyí tí a ń fi ìdúró gbọ́. Mo fẹ́ sọ bí ọmọbìnrin kan ṣe ká ìjì bí ẹní, tó sì tún tẹ́ ẹ sára ògiri ní Niamey.

Àsmá'ù lorúkọ ọmọ náà. Niamey ni wọ́n bí i sí, ilé ìwé Faransé ló lọ, ṣùgbọ́n ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni Àdìgún bàbá rẹ̀, tó ti ń ta aṣọ ní àdúgbò Kalley níbẹ̀ láti ìgbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ ṣì dúdú. Àwòrán ni Àsmá'ù ń yà, kì í sì í ṣe èyí tí wọ́n ń gbé kọ́ sókè bẹ́ẹ̀dì. Ohun ńlá ló máa ń wù ú.

Lọ́dún yìí, gbọ̀ngàn àwòrán kan ní àdúgbò Poudrière ń wá àwòrán kan ṣoṣo tí yóò bo ògiri wọn tó tóbi jù, mítà mẹ́wàá ní ìbú, mẹ́rin ní gíga. Àsmá'ù ni wọ́n mú. Ó ní ìjì pupa lòun máa yà, èyí tí ń ṣáájú òjò àkọ́rọ̀, tó ń dìde láti ìlà-oòrùn bí òkè tó ń rìn. Ní Kalley, bí ìjì yìí bá ti yọ orí, àwọn aláṣọ kì í bèèrè ọ̀rọ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i á figbe ta: "Ẹ kó aṣọ wọlé!" Kí a tó ṣẹ́jú pẹ́, eruku lè sọ aṣọ tuntun di àkísà.

Àdìgún ní: "Mo gbọ́. Àmọ́ bí o bá gbé e kọ́, tí ojú mi ò dá ohun tó jẹ́ mọ̀, lọ́jọ́ kejì ìwọ lo máa ṣí ṣọ́ọ̀bù, ká jọ máa ta aṣọ. Ọ̀rọ̀ àwòrán tán nìyẹn."

"Mo gbà, Bàbá."

Níbo wá ni yàrá tó gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀? Ti Àsmá'ù kò gbà ju bẹ́ẹ̀dì àti ẹní ìkírun lọ. Ló bá gé aṣọ funfun tó nípọn sí awẹ́ mẹ́rìnlá, gígùn-gígùn. Á tẹ́ ọ̀kan sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, á kun ún lọ́dà, bó bá gbẹ, á ká a sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, á mú òmíràn. Igi kan kì í dágbó ṣe. Awẹ́ kan kì í dá ìjì ṣe. Bí bàbá rẹ̀ bá ń kọjá lọ, yẹ̀yẹ́ ni.

"Àná, pupa. Òní, pupa. Àsmá'ù, ṣé aṣọ lò ń rẹ ni?"

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n ṣí gbọ̀ngàn náà, Àsíátù, ẹ̀gbọ́n Àdìgún obìnrin, gbé abẹ́rẹ́ dé. Iṣẹ́ rẹ̀ nílé nígbà èwe ni kó máa rán awẹ́ aṣọ òfì pọ̀. Wọ́n tẹ́ awẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá sí àgbàlá, ni Àsmá'ù bá rí i pé wọn ò bára mu. Nígbà tó ń yà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú lásán ló fi wọn ibi tí ilẹ̀ ti pàdé ọ̀run. Ilẹ̀ awẹ́ karùn-ún fi àtẹ́lẹwọ́ kan ga ju ti ẹ̀kẹfà lọ, ti ẹ̀kẹsàn-án sì rì. Ó jókòó sórí iyanrìn.

"Ó ti bàjẹ́, Ìyá. Mi ò lè tún un yà láàárín ọjọ́ mẹ́ta."

"Ta ló kú?" Àsíátù ń rẹ́rìn-ín. "Ṣé o rò pé ahunṣọ máa ń rí odindi aṣọ lórí òfì ni? Bí ọnà awẹ́ kan bá ga, a ó fà á wálẹ̀ títí á fi ko ojú èkejì."

"Tí a bá fà á, etí òkè á rí wágunwàgun. Ṣé ká wá gé e kó gún ni?"

"Gé kí ni? Ìjì wo lo rí rí, tí orí rẹ̀ tẹ́jú bíi tábìlì?"

Àsmá'ù gbójú sókè. Ó wo etí aṣọ náà, ó tún un wò, ló bá fò dìde, ó dì mọ́ ìyá arúgbó náà títí abẹ́rẹ́ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gún un.

Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi rán an. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n ṣẹ́ létí; òkè, wọ́n fi í sílẹ̀ bó ṣe rí. Nígbà tí wọ́n gbé e kọ́, orí ìjì náà ń ru gùdù lọ sára ògiri funfun bí ẹni pé kò tíì dúró.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí wọ́n ṣí gbọ̀ngàn náà, èrò ti kún. Ìgbà náà ni Àdìgún ti ṣọ́ọ̀bù dé, ìdì aṣọ kan lápá rẹ̀, ó ń bá ẹnì kan jiyàn lórí ooru. Ó ré ẹnu ọ̀nà kọjá, ó gbójú sókè.

"Ẹ kó aṣọ wọlé! Yéè, ó ti dé o!"

Ó gbá ìdì aṣọ mọ́yà, ó yí padà, ó sáré síta. Oòrùn ń ràn yòò. Kò sí atẹ́gùn kankan.

 Ni ẹ̀rín bá bú nínú gbọ̀ngàn bí òjò orí páànù. Bàbá kan láti ẹ̀yà Zarma ń pàtẹ́wọ́, "Fofo! Fofo!", ó ń kí Àsmá'ù kú iṣẹ́ ní èdè wọn. Àdìgún rọra wọlé padà, ó dúró níwájú àwòrán náà, ó ń wò ó látòkè délẹ̀.

"Àsmá'ù."

"Bàbá."

"Ta ló ń ṣí ṣọ́ọ̀bù lọ́la?"

"Ẹ̀yin ni, Bàbá."

"Èmi ni. Lọ́túnla ńkọ́?"

"Ẹ̀yin náà ni."

"Èmi náà ni. Kí lo wá fẹ́ yà tẹ̀lé èyí?"

"Odò Ọya, bó ṣe máa ń kún. Ó máa tó ogún awẹ́."

"Ogún!" Ó gbé ìdì aṣọ apá rẹ̀ lé e lọ́wọ́. "Bẹ̀rẹ̀ látorí èyí."

Àsíátù fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi, abẹ́rẹ́ ọjọ́ náà wà létí gèlè rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Bí ẹ̀yin náà bá ń sọ ọ́ fún ẹlòmíràn, ẹ má gé etí rẹ̀ gún.