Jẹ́ẹ̀sì Funfun Nínú Ìkòkò Aró

Ẹ má bi mí léèrè ohun tí mo mọ̀ nípa kẹ̀kẹ́. Aláró ni mí, Bùsírátù ni orúkọ mi, Ìtòkú ni àgbàlá wa wà. Kí ọdún 1982 tó dé, ohun kan ṣoṣo tí mo mọ̀ nípa kẹ̀kẹ́ ni pé orí rẹ̀ ni bàbá mi wà, pẹ̀lú ẹrù aṣọ lẹ́yìn, nígbà tí lọ́rì kan gbá a pa ní Kọ́bapẹ́. Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti gba ọ̀nà yẹn mọ́.

Mọ́nsúrù àbúrò mi jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà nígbà náà. Èmi ni mo tọ́ ọ dàgbà. Ẹ wá wo ọmọ tí mo tọ́: nínú gbogbo iṣẹ́ tí Ọlọ́run dá sáyé, kẹ̀kẹ́ gígùn ni ó lọ yàn. Inú bí mi. Mo gbé kẹ̀kẹ́ àkọ́kọ́ tí ó rà, mo jù ú sínú Odò Ògùn níṣojú rẹ̀. Ó wò mí, ó kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Ìbàdàn. Ọdún méje ni a fi ń kí ara wa bí àlejò, ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún, ó parí. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ tí mo fi ẹ̀yìn mi pọ̀n. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Àgbà mélòó ló mọ̀ ọ́n?

Ní oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ ọdún 1982 yẹn, wọ́n ṣe ìdíje kẹ̀kẹ́ ọlọ́jọ́ márùn-ún láti Ìlọrin dé Ìjẹ̀bú-Òde. Wọ́n á gùn ún dé ìlú kan, wọ́n á sùn, wọ́n á tún gbéra lọ́jọ́ kejì, wọ́n á sì máa ro àkókò ẹnì kọ̀ọ̀kan pọ̀. Ẹni tí àkókò rẹ̀ bá kéré jù lọ ni yóò wọ jẹ́ẹ̀sì funfun, ẹ̀wù aṣáájú. Ẹni tí ó bá sì gbà á lọ́jọ́ karùn-ún ni wọn yóò mú lọ díje ní òkè òkun. Àlá tí Mọ́nsúrù ti ń lá láti kékeré nìyẹn. Ní tèmi, lẹ́yìn ni mo tó gbọ́ àwọn òfin wọ̀nyí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹrin, wọ́n gùn ún dé Abẹ́òkúta. Ọyẹ́ mú lọ́dún náà. Ìkùukùu bo gbogbo àpáta ìlú wa, oòrùn wà lókè bí ẹni tí oorun ń kùn. Mọ́nsúrù wọlé.

"Ẹ kúulé, Àǹtí mi."

"O káàbọ̀."

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó bọ́ ẹ̀wù ọrùn rẹ̀ sórí bẹ́ńṣì, ó na ara sórí ẹní lábẹ́ igi máńgòrò, ó sì di ojú.

Bẹ́ńṣì àgbàlá wa kì í ṣe fún ìjókòó. Aṣọ funfun tí ó bá ti bọ́ síbẹ̀, a kì í bi ẹni tó ni ín léèrè. Ó wá gba aró ni. Ẹ̀wù yìí funfun, òwú ni, òógùn àti eruku pupa sì ti ba ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́. Ká ní náílọ́ọ̀nù ni, aró kì bá tí mú un, mi ò bá tí máa rojọ́ fún yín lónìí. Nílé wa, funfun tí ó bá ti lábàwọ́n, a kì í fi ọṣẹ dà á láàmú. Mo ní, kí ni mo lè fún ọmọ yìí? Mi ò lẹ́nu ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n mo ní aró. Mo ṣí ìkòkò tí aró rẹ̀ dàgbà jù, èyí tí mo ń fi aṣọ ìyàwó sí.

Mo dúró pẹ̀lú ẹ̀wù náà lọ́wọ́. Atẹ́gùn kò fẹ́. Òórùn aró gba gbogbo àgbàlá, ó ń ṣe mí bí ẹni tí kò sùn tí kò sì jí. Ẹnu mi kàn là fúnra rẹ̀.

"Mọ́nsúrù," mo sọ fún ìkòkò, "mo ṣì máa ń rí kẹ̀kẹ́ yẹn nínú odò. Ẹ̀rù ló bà mí. Mo rò pé bí mo bá ti sọ ọ́ nù, ikú ò ní rí nǹkan tó máa fi gbé ọ lọ. Mo jẹ̀bi rẹ."

Mo ri ẹ̀wù náà bọ inú aró. Ó jáde ní àwọ̀ ewé, afẹ́fẹ́ kàn án, ó sì ń ṣú díẹ̀díẹ̀ níṣojú mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo rì í, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sì sọ̀rọ̀. Mo ní mo fẹ́ràn rẹ̀. Mo ní kó máa gùn ún lọ, kí Ọlọ́run máa ṣọ́ ọ. Mo sá ẹ̀wù náà sórí okùn. Mọ́nsúrù ò mira.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo tẹ̀lé e lọ sí Ìbarà níbi tí wọ́n ti fẹ́ gbéra. Adájọ́ wọn, ọ̀gbẹ́ni kan tí ń jẹ́ Olújìmí, rí ẹ̀wù náà lọ́wọ́ Mọ́nsúrù, ó kígbe.

"Jẹ́ẹ̀sì funfun dà?"

Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ òfin. Aṣáájú tí kò bá wọ funfun, wọn yóò fi ìṣẹ́jú márùn-ún kún àkókò rẹ̀. Ìṣẹ́jú méjì péré sì ni Mọ́nsúrù fi ṣáájú. Mo kúnlẹ̀ sórí títì.

"Ẹ forí jì mí, sà. Èmi ni mo rẹ ẹ́ láró. Ẹ má fi ìyà mi jẹ ọmọ náà."

"Màmá, ẹ dìde. Èmi kọ́ ni mo ṣe òfin."

Mọ́nsúrù fà mí dìde, ó wọ ẹ̀wù rẹ̀. Kò fajú ro rárá. Wọ́n fọn fèrè, ìkùukùu sì gbé gbogbo wọn mì.

Mo ní kí Mọ́ṣúdù, awakọ̀ àdúgbò wa, sáré gbé mi lọ. Ó gba ẹ̀yìn ìlú, ó bọ́ sí títì níwájú wọn. Ó bi mí pé ibo ni. Mo ní Kọ́bapẹ́. Ó wò mí lẹ́ẹ̀mejì.

Ọdún méjìdínlógún ni mi ò ti dúró lórí ilẹ̀ yẹn. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀: koríko, obìnrin kan tí ń ta ọsàn, títì tí ó wọ inú ìkùukùu lọ. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ìró kan, ó rọra ń bọ̀ bí ìgbà tí a bá ń gbọn aṣọ tútù. Ọkùnrin kan ṣoṣo yọ. Òógùn ti fa aró jáde lára ẹ̀wù rẹ̀, ó ti ṣàn dé apá, dé itan. Mọ́nsúrù ni. Ó dé ibi tí lọ́rì ti gbá bàbá wa, ó sì kọjá. Ó kàn kọjá ni. Mo ti gbàgbé pé ènìyàn lè dé ibẹ̀ kó sì máa bá tirẹ̀ lọ. Mo pariwo orúkọ rẹ̀ títí ohùn mi fi há.

Mọ́ṣúdù gbé mi tẹ̀lé wọn dé òpin. Mọ́nsúrù ló kọ́kọ́ dé Ìjẹ̀bú-Òde. Nígbà tí wọ́n fi ìṣẹ́jú márùn-ún náà kún un, ogójì ìṣẹ́jú-àáyá ni ẹni kejì fi ṣáájú rẹ̀. Ẹni yẹn ni wọ́n wọ jẹ́ẹ̀sì funfun fún, òun ni yóò sì lọ sí òkè òkun. Mo bá Mọ́nsúrù lórí koríko, gbogbo ara rẹ̀ aró. Mo ń sunkún.

"Mo ti bà á jẹ́ fún ọ. Ìwọ náà, oorun wo lò ń sùn? Ká ní o jí ni!"

"Mi ò sùn, Àǹtí mi."

"Kí lo wí?"

"Mi ò sùn rárá. Láti ìgbà tí ẹ ti mú un lórí bẹ́ńṣì ni mo ti ń wò yín."

Mo gbọ́wọ́ sókè láti gbá a létí, ọwọ́ náà kò lọ.

"Kí ló dé tí o ò dá mi dúró?"

"Mo fẹ́ dìde. Ni ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀." Ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. "Mo mọ̀ pé bí mo bá lajú, ẹ máa dákẹ́."