Etí Ìwé Oyin

Kí ẹnikẹ́ni má wulẹ̀ bi mí bóyá Aránṣọ fẹ́ràn bàbá rẹ̀. Ó fẹ́ràn rẹ̀. Ìfẹ́ yẹn gan-an ló mú kó lọ mú bàbá kúrò nínú ilé àtijọ́ nígbà tí gígun àtẹ̀gùn di ogun fún un, tó ní kó wá máa gbé nínú yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ òun. Àmọ́ yàrá náà ò fẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì kan, àga kan, fèrèsé kan tó kọjú sí ògiri ilé aládùúgbò, ó parí. Ìwé bàbá nìkan sì kún páálí mẹ́rin.

Bàbá ṣì wà nílé ìwòsàn nítorí ẹsẹ̀ nígbà tí ọmọ rẹ̀ ń palẹ̀ ẹrù mọ́. Ó yẹ kó bi í léèrè. Kò bi í. Ó ní òun ò fẹ́ kó àníyàn bá a. Ó gbé fóònù rẹ̀, ó wọ orí ìkànnì kan tí wọ́n ti ń ta ìwé àlòkù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tò wọ́n síbẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Níbẹ̀, dandan ni kí ẹni tó ń tà sọ àléébù ọjà rẹ̀. Nígbà tó kan ìwé kan tó dá lórí oyin sísìn, ìwé àtijọ́ tí wọn ò tẹ̀ mọ́, ó ṣí i fìrí, ó rí i pé pẹ́ńsù kún gbogbo etí ojú ìwé náà wúruwùru. Kò ka ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Ẹnì kan ti kọ ìkọkúkọ sí i." Ó gé owó rẹ̀ sí ìdajì. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń ra ìwé ní páálí-páálí sì kó gbogbo rẹ̀ pátá lọ́jọ́ kejì.

Wọ́n ní bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Òkò ti kúrò lọ́wọ́ Aránṣọ nìyẹn.

Ọjọ́ kẹta tí bàbá dé ló béèrè.

"Ìwé oyin mi dà?"

"Ìwé oyin kẹ̀, Bàbá? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ò sin oyin rí."

"Ti ìyá rẹ ni. Òun ló rà á. Ó ní tí ara òun bá yá, òun á máa sin oyin."

Ìgbà yẹn ló wá sọ ohun tí kò sọ fún un láti ọdún mọ́kànlá. Nígbà tí àìsàn ọ̀nà ọ̀fun gba ohùn ìyá pátápátá, ìwé oyin ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, etí rẹ̀ fẹ̀ dáadáa, pẹ́ńsù sì wà nítòsí. Bí ìyá bá fẹ́ sọ nǹkan, á kọ ọ́ sí etí ìwé. Bàbá á kà á, á fi ẹnu dá a lóhùn. Oṣù mẹ́jọ gbáko ni tọkọtaya fi sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, títí tí pẹ́ńsù fi bọ́ lọ́wọ́ ọ̀kan.

"Mo ń kà á lójoojúmọ́," bàbá wí. "Tó bá ní kí n ṣí fèrèsé, mo máa ń ṣí i. Tó bá ní ṣé mo ti jẹun, mo máa ń dá a lóhùn. Ṣé kí n dákẹ́ sí i ni?"

Aránṣọ ò mọ̀ rárá. Iṣẹ́ ló ń kọ́ ní ìlú mìíràn nígbà náà. Tó bá wálé, ọwọ́ ni ìyá rẹ̀ máa fi ń júwe nǹkan fún un. Láti ìgbà tí ìyá sì ti kú, gbogbo ìgbà tó bá lọ kí bàbá rẹ̀ tó gbọ́ tó ń dá sọ̀rọ̀ nínú yàrá, ohun tó ń sọ fáwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni pé ogbó ti dé.

"Ó wà nínú ẹrù tó kù, Bàbá," ló sọ. "Wọn ò tíì kó o dé ni." Irọ́ ni, kò sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ó kọ̀wé sí ọlọ́jà páálí-páálí. Ọkùnrin náà ní òun ti tún wọn tà kálẹ̀, òun ò mọ ẹni tó ra èwo. Láti ọjọ́ náà, kí Aránṣọ tó jókòó ti ẹ̀rọ rẹ̀ láàárọ̀, yóò kọ́kọ́ wá ìwé oyin lórí fóònù. Bàbá kì í béèrè lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni, lẹ́yìn tíì àárọ̀: "Ẹrù yẹn ò tíì dé?" Búrẹ́dì tó bá gbé síwájú rẹ̀, ìdajì ló ń kù.

Oṣù kẹrin ló rí i. Ṣọ́ọ̀bù kan tó ń jẹ́ Ìwé-Kì-í-Gbó ló gbé e síta, pẹ̀lú àwòrán. Kò ṣeé ṣì mọ̀. Òwú aláwọ̀ ewé wà lẹ́yìn rẹ̀, èyí tí kò kíyè sí lọ́jọ́ tó ń tà á, tí òun fúnra rẹ̀ fi rán an nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́, tí ìyá rẹ̀ ní kó fi dánra wò. Rírán náà wọ́ bí ẹsẹ̀ ọ̀mùtí. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ẹ̀dínwó ńlá, nítorí wọ́n fi pẹ́ńsù kọ nǹkan sí i."

Ó kù kó rà á, kó dákẹ́. Ẹnu rẹ̀ ò sì gbà á. Kò sí ọjọ́ tí oníbàárà kan kì í fa etí aṣọ níwájú rẹ̀, kó ní rírán yìí ò dára tó, kí Aránṣọ lè bá òun yọ owó díẹ̀ níbẹ̀. Ó mọ ọgbọ́n náà dunjú: ẹni tí ọjà bá wù kì í jẹ́ kí ọlọ́jà mọ̀. Ẹ̀rù bà á pé tí ọlọ́jà yìí bá gbọ́ pé ìkọ̀wé yẹn gan-an lòun ń wá, á fowó lé e, tàbí kó tiẹ̀ gbé e kúrò níta. Ló bá ṣe bí ẹni tí inú ò dùn sí.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo rí ìwé oyin yín. Ìkọkúkọ tó wà nínú ẹ̀ ò mà dáa o. Ṣé ẹ lè tún bá mi yọ díẹ̀ lórí ẹ̀?"

Ìdáhùn dé kíá. "Ẹ má bínú, ọ̀gá mi. Owó yẹn ti dé ìsàlẹ̀ pátápátá, a ò lè gé e mọ́. Àmọ́ ẹ fọkàn balẹ̀. Tó bá dé ọ̀dọ̀ yín, inú yín á dùn."

Aránṣọ rẹ́rìn-ín, ó sanwó. Ó rò pé ẹnu ọlọ́jà lásán ni. Ojú lọ̀rọ̀ wà, àwọn àgbà kì í purọ́. Lórí fóònù, ta ló rí ojú ẹnìkejì?

Ní ọjọ́ kẹjọ, ẹni tó ń pín ẹrù kan ilẹ̀kùn. Aránṣọ ò tú u. Ó gbé e fún bàbá rẹ̀ bó ṣe wà, pẹ̀lú sísọ́ọ̀sì kékeré tó fi ń gé òwú, kó lè fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí i.

"Ẹrù yín dé, Bàbá."

Bàbá gé bébà náà díẹ̀díẹ̀. Ó fi àtàǹpàkò ra òwú aláwọ̀ ewé náà. "Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ nìyí," ó wí. "Ó wọ́ nígbà náà, ó ṣì wọ́." Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín àkọ́kọ́ láti oṣù mẹ́rin, ọmọ rẹ̀ náà sì bá a rín in.

Ó ṣí ìwé. Ó ṣí ojú ìwé kejì, ìkẹta. Ó gbé e súnmọ́ fèrèsé. Bébà pélébé kan já bọ́ sílẹ̀ láti inú rẹ̀, Aránṣọ bẹ̀rẹ̀ ó mú un.

"Oníbàárà wa àtàtà, a rí i pé ìkọkúkọ inú ìwé yìí ò tẹ́ yín lọ́rùn. Nígbà tí a ò lè gé owó, a fi ọjọ́ méjì pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, a ò ṣẹ́ ẹyọ kan kù. A ò gbowó iṣẹ́ lé e. Ẹ máa gbádùn rẹ̀ o."

"Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?" bàbá béèrè.

Aránṣọ sọ ọ́. Ó sọ gbogbo rẹ̀: títà tó tà á, irọ́ ẹrù tí kò dé, ọjà tó ń ná nígbà tí kò yẹ kó ná an. Omijé ń dà lójú rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Ká ní bàbá pariwo mọ́ ọn ni, ì bá sàn. Kò pariwo. Ó jókòó, ó dá ìwé padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ó gbé ìka lé etí funfun náà.

"Níbí, ó ní kí n ṣí fèrèsé díẹ̀." Ó dìde pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ń dùn ún, ó ṣí i. Ògiri aládùúgbò ló wà níta. Ó padà jókòó. "Níbí, ó ní, 'Ìdáhùn yín gùn ju ìbéèrè mi lọ.' Níbí, ó ní ṣé mo ti jẹun." Ó kọjú sí ìwé náà. "Rárá," ó dáhùn, "mi ò tíì jẹun."

Bẹ́ẹ̀ ló ń bọ̀, ojú ìwé kan tẹ̀ lé òmíràn, títí ìka rẹ̀ fi dúró. Ó padà sẹ́yìn ojú ìwé kan, ó tún wá síwájú. Kò rántí ohun tó wà níbẹ̀. Ó gbé ìwé náà síwájú ọmọ rẹ̀.

"Ìwọ náà ti ní in lọ́wọ́ rí," ó wí. "Kí ló sọ níbí?"

Aránṣọ wo ibi tí ìka bàbá rẹ̀ wà. Òótọ́ ni, ó ti ní in lọ́wọ́ rí. Kò ka ẹyọ ọ̀rọ̀ kan.